Afárá Tí Ó Là sí Méjì: Ọgbọ́n Mímú Àlejò Ilé Wo London

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ará òkèèrè ń ṣe ní London láìgba kọ́bọ̀, kò sí èyí tí ó ń tán ènìyàn lókun tó mímú àlejò ilé káàkiri ìlú. Ohun tí a pè ní àlejò ilé níhìn-ín kì í ṣe ẹnikẹ́ni tí ó kàn yà wá kí ènìyàn. Òbí ni, tàbí ẹ̀gbọ́n òbí, tàbí alàgbà ìjọ, tí wọ́n fún ní físà oṣù mẹ́fà, tí ó di èlùbọ́ àti gààrí dé, tí ó sì ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀, kí bàálù tó gbéra ní Ìkẹjà, ibi tí òun yóò ti ya fọ́tò tí àwọn ará ilé yóò fi mọ̀ pé òun dé ìlú òyìnbó lóòótọ́. Olùgbàlejò ní tirẹ̀ ni ọmọ tí ó ti gbé London fún ọdún mẹ́rìnlá, tí ó mọ ọ̀nà ibi iṣẹ́, ọ̀nà ọjà Peckham àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò sì mọ ibòmíràn mọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí bú u, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n bí sí ẹsẹ̀ Òkè Àrẹ̀ tí wọn kò gun ilé ìṣọ́ Bower, tí ó ti wà níbẹ̀ láti 1936, rí, àfi ọjọ́ tí àna wọn ti Èkó dé tí ó ní kí wọ́n mú òun lọ wò ó.

Ìmọ̀ràn tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìmọ̀ràn, tí àwọn ìwé atọ́nà kì í kọ, ni pé kí olùgbàlejò má ṣe dárúkọ iye owó létí àlejò. Àìsàn kan wà tí a lè pè ní ìṣírò náírà, èyíinì ni kí ènìyàn gbọ́ iye pọ́n-ùn kan kí ó dákẹ́, kí ètè rẹ̀ máa mì, kí ó wá pariwo iye tí ó jẹ́ ní náírà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà lólè. Ẹni tí àìsàn yìí bá mú kì í gbádùn ohunkóhun mọ́ ju omi ẹ̀rọ lọ. Ó dára bí bọ́ọ̀sì London kò ṣe fún ènìyàn láyè láti ka owó, nítorí láti 2014 ni wọn kò ti gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Káàdì ni a ń fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, yálà ti báǹkì tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní Oyster, owó yóò sì kúrò nínú rẹ̀ láìsí ariwo, ẹni náà yóò sì ní wákàtí kan gbáko láti fi wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láìsan owó kún un. Ohun tí ó ń da àlejò láàmú ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ń kan káàdì nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí a bá ń wọlé, ṣùgbọ́n ní ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, a ó kàn án ní ìwọlé, a ó tún kàn án ní ìjáde, ẹni tí ó bá sì gbàgbé èkejì, owó tí wọn yóò yọ yóò jọ ti ẹni tí ó sùn mọ́jú sínú ọkọ̀. Olúkúlùkù ni yóò ní káàdì tirẹ̀. Kò sí kọ̀ndọ́, àìsí kọ̀ndọ́ yìí sì ni ó máa ń kọ́kọ́ ba àlejò lọ́kàn jẹ́, torí kò rí ẹni tí yóò bá jà lórí ṣéńjì.

Àwọn ibi ìrántí tí ó jẹ́ ti ọba kò le láti wò. Ní Ààfin Buckingham, pípààrọ̀ ẹ̀ṣọ́, èyíinì ni ayẹyẹ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ti rẹ̀, a máa wáyé ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Àìkú, bí òjò kò bá dí wọn lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tètè dé, ẹ̀yìn orí àwọn tí ó ga jù ú lọ ni yóò wò títí wọn yóò fi parí. Bí àsíá ọba bá ń fẹ́ lórí òrùlé, ọba wà nílé. Bí ó bá jẹ́ àsíá orílẹ̀-èdè ni, ọba ti jáde. Kí àlejò sì ti mọ̀ ṣáájú pé ẹ̀ṣọ́ kì í dáhùn ìkíni. Ìyá kan, olùkọ́ fẹ̀yìntì láti Ìbàdàn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tí a ṣì ń bọ̀ wá bá lórí afárá, kí ọ̀kan nínú àwọn onífìlà onírun wọ̀nyí pé, “Ẹ kú ìdúró o, ọmọ mi,” ó dúró, ó tún un kí, ọmọkùnrin náà sì tẹjú mọ́ ọ̀nà jíjìn bí ẹni tí ó jẹ ìyá ní gbèsè. Ìyá kò bínú sí i. Ó ní àwọn tí ó bí i ni kò kọ́ ọ nílé.

Ní ti Big Ben, agogo inú ilé gogoro náà ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, agogo tí ìwọ̀n rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù 13, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní 1859. Ilé gogoro fúnra rẹ̀ gba orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth ní 2012, kò sì sí àlejò kan tí ó ń fi orúkọ náà pè é. Òkèèrè ni a ti ń yà á ní fọ́tò. Ẹni tí ó bá dúró sí ìdí rẹ̀, ọrùn ni yóò máa dùn ún.

Mùsíọ́ọ̀mù ńlá tí wọ́n ń pè ní British Museum náà jẹ́ ọ̀fẹ́, bí wọ́n bá sì gbowó nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé wa, ọ̀rọ̀ yóò di ẹjọ́, nítorí kò sí ibi tí a ti ń ní kí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù sanwó kí ó tó wo ẹrù rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà Benin tí ó wà níbẹ̀ lé ní 900, púpọ̀ nínú wọn sì wà lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897; òfin tí ilé aṣòfin wọn ṣe ní 1963 ni wọ́n sì ń tọ́ka sí pé kò fún àwọn alákòóso láyè láti dá wọn padà, bí ẹni pé kì í ṣe àwọn náà ni ó ṣe òfin ọ̀hún. Ibẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ wà, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí wọ́n gbé wá síbi ìpàtẹ ní Wembley ní 1924, tí ó wu àwọn ará mùsíọ́ọ̀mù, tí Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, sì gbà kí wọ́n mú, bí wọn yóò bá fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ tún gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Àwọn kan ń pe èyí ní pàṣípààrọ̀ tí ó dọ́gba, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí kò ṣí sí yàrá kankan ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kò jọ ohun tí ó wà ní àlàáfíà. Horniman, mùsíọ́ọ̀mù tí kò jìnnà sí Peckham, kọ ohun ìní rẹ̀ 72 padà sí orúkọ Nàìjíríà ní 2022, ilé náà kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ wó.

Ohun tí ó fa kíkọ àròkọ yìí gan-an, afárá ni.

Afárá méjì ni àwọn ènìyàn ń sọ pọ̀. Èkíní ni Tower Bridge, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara ilé ìṣọ́ àtijọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni ó ní ilé gogoro méjì, tí àwòrán rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà, lára agolo bisikíìtì, lára gbogbo ohun tí ó bá fẹ́ fi han ayé pé London ni òun ti wá. Wọ́n ṣí i ní 1894. Èkejì ni London Bridge, tí kò ju nǹkan bí ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí i lọ ní òkè odò, tí ó sì jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni ó wà nínú orin eré ọmọdé nípa afárá tí ó ń wó, tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá fi kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ méjì yóò gbé ọwọ́ sókè bí òrùlé, tí àwọn yòókù yóò máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí ọwọ́ yóò sì já lu ẹni tí ó kẹ́yìn. Ìyá tí a ń sọ yìí kọ orin náà fún ọdún márùndínlógójì. Ohun tí ó ń bọ̀ wá wò ní London, yàtọ̀ sí ọmọ rẹ̀, ni afárá tí ó ti ń wó láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì wó tán.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Keje, ọmọ náà, tí òǹkọ̀wé mọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n jọ ń wọ bàtà kan náà, mú ìyá wọ bọ́ọ̀sì 78 ní Peckham, nítorí bọ́ọ̀sì náà gba orí Tower Bridge kọjá, ó sì rọrùn ju kí ènìyàn máa sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ìyá wọ ìró àti bùbá àdìrẹ, ó wé gèlè, ó sì gbé àpò kan tí móínmóín mẹ́fà wà nínú rẹ̀, èyí tí ó sè ní ìdájí, torí kò gbàgbọ́ pé oúnjẹ wà ní ìgboro London. (Kí olùgbàlejò má ṣe bá àlejò jiyàn lórí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, àga ìjókòó pọ̀ lẹ́bàá odò, ilé oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n, ìṣírò náírà sì lè dìde.) Wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní apá gúúsù odò, ìyá gbójú sókè wo ilé gogoro méjèèjì, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé, “Ṣé èyí tí a fi ń kọrin fún àwọn ọmọ nìyí?”

Ọmọ dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, inú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni ó ti jáde. A kò lè sọ pé ọmọ náà parọ́, nítorí ẹni tí ń parọ́ a mọ òtítọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni ó ti fi ń kọjá lórí afárá náà nínú bọ́ọ̀sì, fóònù lọ́wọ́, orí nílẹ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè orúkọ rẹ̀ rí. Inú ìyá dùn. Ó ní bí àwọn bá sọnù sí ara àwọn nínú èrò yìí, orí London Bridge níbí ni kí olúkúlùkù padà sí. Ọmọ ní ó dára. Wọ́n rìn dé ẹ̀gbẹ́ ilé gogoro ti apá àríwá, ìyá wá fún ọmọ ní fóònù tirẹ̀, nítorí kò gba fọ́tò tí ó bá wà nínú fóònù ẹlòmíràn gbọ́, ó sì fún un ní àpò móínmóín kí ó má baà hàn nínú àwòrán. Àṣẹ tí ó pa ṣe kedere: kí gbogbo afárá hàn, láti orí dé ẹsẹ̀, kí òun náà sì hàn lórí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ gígùn afárá náà, tí ó jẹ́ nǹkan bí mítà 244, yóò mọ̀ pé ohun méjì yìí kò lè wọ inú àwòrán kan ṣoṣo àfi bí ìyá bá fẹ́ dà bí èèrà. Ọmọ kò jiyàn. Ó padà rìn la afárá já, ó sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò ní apá gúúsù, ó gbé fóònù sókè. Ìgbà náà ni agogo dún.

Afárá náà, kí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí lè mọ̀, ní apá méjì ní àárín tí ó ń ṣí sókè bí ilẹ̀kùn orí kànga, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lé ní tọ́ọ̀nù 1,000. Nǹkan bí ìgbà 800 ni ó ń ṣí lọ́dún, nítorí òfin tí ó wà láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ ni pé ẹni tí ó ń gba odò ni ó ni ọ̀nà: ọkọ̀ ojú omi tí òpó rẹ̀ ga tó mítà 9, tí ó bá ti sọ ọ́ ní wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣáájú, wọn yóò ṣí i fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Àkókò tí yóò ṣí sì máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wò ó. Ọmọ kò wò ó. Ní ilé, ohun tí ó lè dá gbogbo ènìyàn dúró báyìí ni ọkọ̀ ẹni ńlá tí ó ń fọn sáírìn. Ní London, ọkọ̀ onígbòkun kan ni, tí ọkùnrin méjì àti ajá kan wà nínú rẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni méjèèjì ń fà.

Ohun tí ojú ìyá rí, ó ti ròyìn rẹ̀ ní ìgbà mẹ́tàdínlógún láti ọjọ́ náà, kò sì yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀. Iná pọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ní kí gbogbo ènìyàn kúrò ní àárín, ìyá sì bá èrò lọ sí apá àríwá, wọ́n ti géètì. Ó yíjú padà kí ó lè máa dúró dáadáa fún fọ́tò. Títì dìde. Ó ní kì í ṣe pé ó mì tàbí pé ó sán. Ó dìde ni, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí àgbàlagbà tí ń dìde lórí ẹní, ìlà funfun tí wọ́n kùn sí ojú títì sì nàró bí àkàbà tí ó kọrí sí ọ̀run, tí omi wá hàn níbi tí òun dúró sí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn lọ. Ìyá tí ó fi ọdún márùndínlógójì sọ fún àwọn ọmọ pé afárá yìí yóò wó rí i pé ojú òun ni ó ṣẹ sí.

Ó kígbe pe Jésù. Ó ní, “Ẹ pe panápaná! Ọmọ mi wà lódìkejì!” Ṣùgbọ́n ohun tí ó bà á lẹ́rù ju afárá lọ ni àwọn ènìyàn tí ó yí i ká, nítorí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọmọ wọn lé èjìká kí ó lè rí i dáadáa, gbogbo wọn sì ti yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò. Ó ní òun rò pé ilé nìkan ni ìwà yẹn wà, pé kí jàǹbá ṣẹlẹ̀ kí ènìyàn máa yà á ní fídíò dípò kí ó gba ènìyàn là. Ní etí odò lódìkejì, ọmọ ń ya fọ́tò, inú rẹ̀ ń dùn pé oríire ni àwọn ṣe.

A kò lè kọjá níbí láìdárúkọ Albert Gunter, awakọ̀ bọ́ọ̀sì 78, nọ́ńbà kan náà tí ó gbé ìyá àti ọmọ wá. Ní oṣù Kejìlá 1952, ó ń wa bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ lórí afárá yìí nígbà tí apá tí ó wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra láìsí ìkìlọ̀. Kò tẹ bíréèkì, iná ni ó fi sí i, ó sì fi bọ́ọ̀sì náà fo àlàfo bọ́ sí apá kejì, èrò inú rẹ̀ kò sì kú. £10 ni wọ́n fún un. Bí ó bá jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni, yóò ti jẹ oyè, yóò sì ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin kí oṣù náà tó parí. Nígbà tí wọ́n sọ ìtàn yìí fún ìyá ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun ti mọ̀ pé ohun kan wà lára dírẹ́bà náà.

Nígbà tí àyà ìyá rọ̀ díẹ̀ níbi tí ó dúró sí, ó rántí àdéhùn, pé orí London Bridge ni kí àwọn ti pàdé. Kí ó lè dá ara rẹ̀ lójú, ó dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń sáré ìdárayá dúró, ó fi Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ béèrè bóyá London Bridge nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ ohun tí ó kì bọ etí, ó ní rárá o, èyí tí ó kàn ni, ó nawọ́ sí òkè odò, ó sì sá lọ. Òtítọ́ ni ó sọ, ọ̀wọ̀ sì wà nínú ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹni tí wọ́n bá bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí ìyá arúgbó dá lọ. Yóò bi í léèrè ẹni tí ó wá, yóò mú un dé ọ̀nà, ó sì ṣeé ṣe, kí a má tan ara wa, kí ó jẹ́ pé ọ̀nà tí kì í ṣe ni yóò mú un gbà.

Báyìí ni afárá ṣe padà sílẹ̀, tí ọmọ fi sáré kọjá, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó wo ìdí ilé gogoro. Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé ìṣọ́ àtijọ́, níbi tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó adé rẹ̀ pamọ́ sí, tí àwọn èrò tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú rẹ̀. Ó pariwo, “Mọ́mì!”, obìnrin mẹ́ta sì bojú wẹ̀yìn, kò sí tirẹ̀ nínú wọn. Fóònù ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ọwọ́ rẹ̀, orin ìyìn tí ìyá fi sí i sì ń ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹlé fò. Nọ́ńbà náà kì í ṣe èyí tí ó mọ̀. Ará òkèèrè kì í gbé nọ́ńbà tí kò bá mọ̀. Ìwé gbèsè ni, tàbí ọlọ́pàá ayédèrú, tàbí ẹni tí ó fẹ́ bá ènìyàn tún iná òrùlé ṣe. Ó pa á. Ó tún dún. Ó tún pa á. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó yé e pé kò sí nọ́ńbà tí ìyá mọ̀ sórí ní gbogbo ayé ju nọ́ńbà ti ara rẹ̀ lọ.

Ohùn obìnrin kan sọ ní Yorùbá pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á mọ́. Mọ́mì yín wà lọ́dọ̀ mi, lórí London Bridge. Ẹ má sáré, a ti jókòó.”

Ìyá kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí London Bridge já kulẹ̀. Kọnkéré ni, wọ́n ṣí i ní 1973, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní ilé gogoro, kò ní ohun ọ̀ṣọ́, ìyá sì sọ, láìdá ẹnikẹ́ni sí, pé afárá Mọ́lété ti Ìbàdàn ni. Èyí tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, tí òkúta ni wọ́n fi kọ́, ìlú London tà á ní 1968 fún ọlọ́rọ̀ Amẹ́ríkà kan, Robert McCulloch, tí ó tú u, tí ó fi nọ́ńbà sára òkúta rẹ̀, tí ó sì tún un tò sí ìlú Lake Havasu ní Arizona. Ìtàn kan sì ń jà kálẹ̀ pé Tower Bridge ni ó rò pé òun rà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ sẹ́. Ìyá fẹ́ mọ ẹni tí ó buwọ́ lùwé. Ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára ògiri nílé pé ilé yìí kì í ṣe títà, pé bí àwọn ará London bá kọ ọ́ sára tiwọn ni, ọmọ onílẹ̀ kankan kò bá tí rí i gbé lọ.

Obìnrin tí ó rí i jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù òtútù. Gèlè ni ó rí láti òkèèrè. Ó ní òun kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, òun ti wà lórí eékún lórí kọnkéré kí òun tó rántí pé London ni. Nígbà tí ọmọ dé, wọ́n ti jókòó pọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, nọ́ọ̀sì náà sì di ọwọ́ ìyá mú bí ẹni pé òun ni ó sọnù. Ọdún mẹ́fà ni kò tíì dé ilé, torí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Ní ọdún kejì nínú mẹ́fà náà ni ìyá tirẹ̀ kú, orí fóònù ni ó sì ti wo ìsìnkú, nínú yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mu tíì, ohùn rẹ̀ ni ó pa, torí àwọn aláìsàn ń sùn. Ìyá bi í pé kí ni oríkì rẹ̀. Ó ní Àbẹ̀kẹ́. Ìyá pè é, “Àbẹ̀kẹ́.” Kò fi ohunkóhun kún un. Obìnrin náà fi ojú pamọ́ sí èjìká àdìrẹ náà, ọmọ sì yíjú sí odò, ó ń ka ọkọ̀ tí ó ń kọjá.

Àwọn ìwé atọ́nà ń gba àlejò níyànjú pé kí ó wọ bàtà tí kò ga, kí ó mú agboòrùn dání, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ó dín owó kù, kí ó sì lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú mùsíọ́ọ̀mù, torí àwọn kan ní ìta a máa gbowó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tí ó sọ ohun tí a ń ṣe bí àlejò bá gba àpò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ tí ó ti ń gbọ́ òórùn móínmóín láti aago méje àárọ̀ tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu, tí ó sì kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún ẹlòmíràn pé kí ó lọ gbé e sínú fíríìjì.

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n bá padà sílé, èyí tí kò gba orí afárá tí ó ń là. Ní alẹ́, ìyá gba fóònù rẹ̀, ó wo fọ́tò náà títí, ó fi ìka fẹ̀ ẹ́, ó tún fẹ̀ ẹ́. Gbogbo afárá hàn, láti orí dé ẹsẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì là sókè sí ojú ọ̀run, ọkọ̀ onígbòkun sì wà láàárín rẹ̀ bí ohun tí wọ́n yà sí i. Ìyá kò sí níbẹ̀. Ọmọ wá ṣàlàyé, tìgboyà-tìgboyà, nípa èyí tí ń jẹ́ Tower Bridge àti èyí tí ń jẹ́ London Bridge, ọdún tí wọ́n ṣí wọn àti ẹni tí ó ra èyí tí ó lọ, gbogbo ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà nínú bọ́ọ̀sì. Ìyá gbọ́ ọ tán. Ó gbé fọ́tò náà sórí status WhatsApp rẹ̀, ó kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé, “Mo dé London Bridge, ó là lójú mi, Olúwa kò sì jẹ́ kí n wà lórí rẹ̀.” Kí ilẹ̀ tó mọ́, ènìyàn mẹ́rìnléláàádọ́ta ní Ìbàdàn ti ṣe àmín, olórí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ sì ti béèrè ọjọ́ tí yóò wá fi ẹ̀mí ìmoore hàn níwájú pẹpẹ.